Gọ́ọ̀fù, òkun àti òkè ní Princeville, erékùṣù Kauaʻi: ìbéèrè àti ìdáhùn

Princeville wà lórí ilẹ̀ gíga létí òkun, ní apá àríwá erékùṣù Kauaʻi ní Hàwáì. Àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù ló mọ̀ ọ́n jù, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ọ̀pá gọ́ọ̀fù mú náà máa rí nǹkan ṣe níbẹ̀. Ohun méjì ló sábà máa ń da ètò àlejò rú: wọ́n á wá lúwẹ̀ẹ́ ní oṣù tí òkun ń jà, tàbí kí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ọgbà ìjọba láì tíì gba àyè sílẹ̀, kí wọ́n sì dá wọn padà. A máa sọ bí ẹ ṣe lè yẹra fún méjèèjì.

Báwo la ṣe ń dé Princeville?

Līhuʻe ni bàálù máa ń balẹ̀ sí. Láti ibẹ̀ sí Princeville tó nǹkan bí 30 máìlì. Ẹ fi wákàtí kan sí i. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló lọ síbẹ̀, kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú kankan, nítorí náà tí ọkọ̀ bá dí ní Kapaʻa, gbogbo yín lẹ jọ máa jókòó síbẹ̀. Ẹ háyà mọ́tò. Bọ́ọ̀sì ìjọba wà tó ń lọ títí dé Hanalei, ìlú tó tẹ̀ lé Princeville, owó rẹ̀ kò sì wọ́n, àmọ́ kì í gba ẹrù ńlá, kò sì sí bí àpò gọ́ọ̀fù ṣe máa wọ̀ ọ́.

Aago Hàwáì fi wákàtí 11 wà lẹ́yìn ti Nàìjíríà, wọn kì í sì í sún un síwá sẹ́yìn bí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà yòókù ṣe ń ṣe. Ẹ fi èyí sọ́kàn, yóò wúlò tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ ọgbà ìjọba tó wà ní Hāʻena.

Ọmọ ọba wo ni wọ́n fi sọ orúkọ ibẹ̀?

Kì í ṣe ọmọ ọba òyìnbó. Albert ni, ọmọ Ọba Kamehameha Kẹrin àti Ayaba Emma ti Hàwáì. Robert Crichton Wyllie, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún ọba náà, ló ni oko tó wà níbẹ̀ nígbà yẹn. Wọ́n ṣàbẹ̀wò sọ́dọ̀ rẹ̀ ní 1860, ó sì fi orúkọ oyè ọmọdékùnrin náà sọ oko rẹ̀. Ọmọ náà kò pẹ́ láyé. Ọdún 1862 ló kú.

Oṣù wo ló dára jù láti wá?

Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe ló máa sọ. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá sí oṣù kẹrin, ìjì tó ń jà ní àríwá òkun Pàsífíìkì máa ń ti ìgbì ńláńlá wá sí etíkun yìí. Òun ni àwọn tó ń fi pátákó gun ìgbì ń dúró dè, òun náà ló ń pa ẹni tí kò mọ òkun. Òjò náà máa ń pọ̀ sí i lákòókò yìí. Láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án, etíkun kan náà lè dákẹ́ bí omi adágún.

Gọ́ọ̀fù kò ní àsìkò níbẹ̀, oṣù méjèèjìlá ni wọ́n ń gbá a. Nítorí náà, ẹni tó jẹ́ pé ọmọ àti ìlúwẹ̀ẹ́ ló ń rò, kó wá láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án. Ẹni tó jẹ́ gọ́ọ̀fù àti àbùùbùtán ló ń wá, oṣù kìíní sí oṣù kẹta ló dára fún un, torí ìgbà yẹn ni àwọn àbùùbùtán ń wá bímọ nínú omi Hàwáì. Ẹ lè rí omi tí wọ́n ń tú sókè láti orí ilẹ̀, láìwọ ọkọ̀ ojú omi rárá.

Pápá gọ́ọ̀fù mélòó ló wà ní Princeville?

Ọ̀kan tó ní ihò 18, orúkọ rẹ̀ ni Makai. Robert Trent Jones Kékeré ló ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní 1971. Ó tún ní ihò 9 mìíràn tí wọ́n ń pè ní Woods, tó dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ tàbí ẹni tí kò ní ju wákàtí méjì lọ.

Àwọn ìwé atọ́nà àtijọ́ ṣì ń dárúkọ pápá kejì, Prince. Ẹ má ṣe wá a kiri. Wọ́n ti tì í láti 2015.

Báwo ni koríko ibẹ̀ ṣe rí sí Bermuda tí a mọ̀?

Paspalum ni wọ́n gbìn sí Makai. Ó ń fara da iyọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀ létí òkun. Ewé rẹ̀ nípọn, ó sì dúró ṣánṣán, nítorí náà bọ́ọ̀lù máa ń jókòó sí òkè koríko dípò kó rì sí ìdí rẹ̀. Ìyẹn dùn mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, títí wọ́n á fi dé ẹ̀bá gírínì, ìyẹn ibi tí wọ́n gé koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀ yí ihò ká. Ibẹ̀ ni wàhálà wà: ẹni tó mọ Bermuda máa fẹ́ kí bọ́ọ̀lù balẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kó sì yí lọ bá ihò, ṣùgbọ́n Paspalum ń di bọ́ọ̀lù mú, pàápàá tó bá ṣì tutù láàárọ̀, bọ́ọ̀lù á dúró ní ìdajì ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kó balẹ̀ sún mọ́ ihò ju bí ẹ ṣe máa ń ṣe lọ, tàbí kẹ́ ẹ lo pọ́tà, ọ̀pá tí a fi ń yí bọ́ọ̀lù nílẹ̀, láti ìta gírínì tí koríko bá gbẹ. Lórí gírínì gan-an, Paspalum kì í fa bọ́ọ̀lù sí ẹ̀gbẹ́ kan tó Bermuda. Ẹ wo bí ilẹ̀ ṣe dà, ẹ gbá a gẹ́gẹ́ bí ojú yín ṣe rí i, kẹ́ ẹ sì fi agbára díẹ̀ kún un.

Afẹ́fẹ́ ńkọ́?

Àríwá ìlà oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá lọ́pọ̀ ọjọ́. Ó máa ń rọra ní àárọ̀, á sì le sí i lẹ́yìn aago mọ́kànlá. Nítorí náà, ẹ gba àyè àárọ̀ tí ẹ bá lè san án.

Ìṣirò tó máa ń ṣiṣẹ́ nìyí: fún afẹ́fẹ́ máìlì mẹ́wàá láàárín wákàtí kan tó kọjú sí yín, ẹ mú ọ̀pá kan tó lágbára jù. Tí ihò bá jìnnà tó 150 yáàdì tí afẹ́fẹ́ ogún máìlì sì kọjú sí yín, ẹ gbá a bí 170. Ẹ má sì fi agbára gbá a. Agbára ló ń mú kí bọ́ọ̀lù yí lọ́nà òdì, á ga sókè, afẹ́fẹ́ á sì gbé e dúró síbẹ̀ bí ẹyẹ àwòdì. Tí afẹ́fẹ́ bá wá látẹ̀yìn, kì í fúnni tó bó ṣe ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ìdajì ni kẹ́ ẹ kà á sí.

Ihò kẹta àti ìkeje ní Makai lẹ ti máa rí i. Ihò kẹta ga, èèyàn ń gbá bọ́ọ̀lù sísàlẹ̀, Hanalei wà lọ́ọ̀ọ́kán, omi sì wà lẹ́bàá gírínì. Fún ìsàlẹ̀ tó tó ẹsẹ̀ bàtà 30, ẹ yọ yáàdì mẹ́wàá kúrò. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé èèyàn á yọ ti ìsàlẹ̀, á gbàgbé pé bọ́ọ̀lù tó ń pẹ́ lókè ni afẹ́fẹ́ ń bá ṣeré jù, bọ́ọ̀lù á sì lọ sínú omi. Ìkeje ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù kọjá orí ibi tí òkun ti gé wọ inú ilẹ̀. Níbẹ̀, ẹ mú ọ̀pá tó máa gbé bọ́ọ̀lù dé ẹ̀yìn gírínì. Bọ́ọ̀lù tó bá kúrú kò ní padà wá.

Bọ́ọ̀lù mi sọnù. Kí ni òfin wí?

Ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ ní láti wá a. Tí ẹ bá fura pé ó lè sọnù, ẹ gbá bọ́ọ̀lù kejì kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ jáde pé bọ́ọ̀lù àfidípò ni. Tí ẹ kò bá sọ, òun ló di bọ́ọ̀lù gidi yín.

Òpó funfun ni ààlà pápá: tí bọ́ọ̀lù bá kọjá rẹ̀, ìyà rẹ̀ jẹ́ ìgbá kan tí wọ́n á fi kún iye tiyín, ẹ ó sì padà síbi tí ẹ ti gbá a. Òpó pupa wà létí omi àti igbó kan: ìgbá kan ni ìyà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ láàárín ìwọ̀n ọ̀pá méjì síbi tó ti kọjá ààlà, láìsún mọ́ ihò. Èyí tó kàn yín jù ní Kauaʻi ni ti òjò: bọ́ọ̀lù tó rì sínú ihò tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ́ sínú ẹrẹ̀, tàbí tó wà nínú omi òjò tó dúró lórí koríko, ẹ lè gbé e kúrò lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀, wọ́n á máa fi ọ̀pá walẹ̀ bí ẹni ń wa iṣu.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù lọ sí bèbè òkúta. Òjò ti rọ ilẹ̀ etí ibẹ̀, koríko ló bò ó, ó lè já lábẹ́ ẹsẹ̀.

Àwọn ẹyẹ ńlá tó jókòó sórí pápá ńkọ́?

Oríṣi méjì ni. Nēnē jọ pẹ́pẹ́yẹ, ọrùn rẹ̀ gùn, ó ní ilà-ilà lọ́rùn. Òun ni ẹyẹ ìpínlẹ̀ Hàwáì, wọn kò sì rí i nínú igbó níbòmíràn láyé bí kò ṣe níbẹ̀. Òfin dáàbò bò ó. Ẹ má fún un lóúnjẹ, torí nēnē tó bá ti mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ gọ́ọ̀fù ní bísíkíìtì nínú, ẹ̀bá títì ni mọ́tò ti máa tẹ̀ ẹ́ lọ́la.

Èkejì ni mōlī, ẹyẹ òkun tí ìyẹ́ rẹ̀ nínà ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ. Láti oṣù kọkànlá ni wọ́n ti ń dé, ẹyin kan ṣoṣo ni tọkọtaya kan ń yé, akọ àti abo sì ń gba iṣẹ́ sísàba lọ́wọ́ ara wọn. Wọn kì í bẹ̀rù èèyàn: ẹ lè kọjá kí ẹ rí ọmọ ẹyẹ tó bo gbogbo ara pẹ̀lú ìhùùhù dúdú rúsurùsu, tó jókòó sábẹ́ igi ní àgbàlá ilé, tó ń fi ẹnu ta kàkàkà. Òun nìkan ló máa ń wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ ń wá oúnjẹ lójú òkun. Kì í ṣe ọmọ òrukàn, ẹ má gbé e. Nígbà tó bá fi máa di oṣù keje, wọ́n ti fò lọ. Tí ẹyẹ bá ta bọ́ọ̀lù yín nípò, ẹ dá a padà síbi tó wà, kò sí ìyà kankan.

Owó Makai pọ̀ jù fún mi. Ṣé kò sí òmíràn?

Ó wà. Wailua, nítòsí Līhuʻe, jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Ihò 18 ló ní, ó wà létí òkun gan-an, owó rẹ̀ sì kéré gan-an sí ti àwọn pápá ilé ìgbafẹ́. Kì í ṣe pápá ọmọdé o: ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ti gbá ìdíje àpapọ̀ Amẹ́ríkà fún àwọn pápá gbogbogbòò níbẹ̀, ní 1975, 1985 àti 1996. Àwọn ará ìlú pọ̀ níbẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, nítorí náà àárín ọ̀sẹ̀ ni kí àlejò lọ.

Èyí tó wọ́ pọ́ọ́kú jù ni Kukuiolono, ihò 9, lórí òkè ní Kalāheo, ní apá gúúsù. Walter McBryde ló fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún ará ìlú, inú ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Adìyẹ ìgbẹ́ máa ń kọjá níwájú ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ní gúúsù náà ni Poipu Bay wà, níbi tí Tiger Woods ti gba ife ìdíje PGA Grand Slam of Golf ìgbà méje láàárín 1998 sí 2006, ṣùgbọ́n owó ti ìyẹn kì í ṣe kékeré.

Ní Makai fúnra rẹ̀, owó ọ̀sán máa ń dínkù sí ti àárọ̀. Ohun tí ẹ máa fi san án ni afẹ́fẹ́ tí a sọ lókè.

Kí ni kí n gbé wá, kí ni kí n yá níbẹ̀?

Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa gbá a, ẹ yá ọ̀pá níbẹ̀. Tó bá ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, gbígbé tiyín ló máa ń dín owó kù. Ẹ fi aṣọ inúra dí orí àwọn ọ̀pá gígùn, torí ọrùn wọn ló ń ṣẹ́ nínú bàálù. Ẹ mú ìbọ̀wọ́ mẹ́ta, torí òjò àti òógùn á ba ọ̀kan jẹ́ kí ihò kẹsàn-án tó dé, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́rùn, aṣọ òjò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti bọ́ọ̀lù méjìlá ó kéré tán.

Ẹ fọ ìsàlẹ̀ bàtà yín kí ẹ tó kúrò nílé. Àrùn kan wà ní Hàwáì tó ń pa igi ʻōhiʻa, inú ẹrẹ̀ ara bàtà ló ń gbà rìn. Níbi tí ẹ bá ti rí búrọ́ọ̀ṣì àti omi oògùn lẹ́nu ọ̀nà igbó, iṣẹ́ tiyín ni.

Ọ̀rọ̀ ìpara oòrùn: láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2021, Hàwáì ti fòfin de títa èyí tó ní oxybenzone tàbí octinoxate nínú, nítorí iyùn inú òkun. Ẹ ra èyí tó ní zinc. Ara dúdú náà máa ń jó níbẹ̀, pàápàá imú àti ẹ̀yìn ọrùn.

Níbo la ti lè lúwẹ̀ẹ́ láìséwu?

Gbogbo etíkun Hàwáì ló jẹ́ ti ará ìlú, kódà èyí tó wà níwájú ilé ìtura olówó ńlá. Kò sẹ́ni tó lè lé yín. Ṣùgbọ́n pé ẹ lè débẹ̀ kò sọ pé kí ẹ wọ inú omi.

ʻAnini ló rọ̀ jù fún ọmọdé. Òkìtì iyùn gígùn kan ló dí ìgbì lọ́nà, omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì jìn. Kò sí olùṣọ́ etíkun níbẹ̀. Ibi tí iyùn náà ti ya, omi máa ń fà jáde síta òkun níbẹ̀, nítorí náà ẹ dúró sí ibi tí omi kò ti kọjá àyà, ẹ má sì tẹ̀ lé ẹja lọ.

Hanalei ní olùṣọ́ etíkun. Ní oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ ó dára gan-an, ẹ̀bá afárá tó nà sínú omi sì ni àwọn tó ń kọ́ gígun ìgbì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kejìlá, ibẹ̀ kì í ṣe ti akọ́ṣẹ́.

Lumahaʻi rẹwà jù wọ́n lọ, òun ni kẹ́ ẹ má wọ̀. Kò sí olùṣọ́, kò sí iyùn tó dí ìgbì, yanrìn sì dà gẹ̀rẹ̀ sínú òkun. Ìgbì kan á gbá èèyàn lẹ́sẹ̀, èyí tó ń padà á fà á lọ.

Tí omi bá ń fà yín, ẹ má bá a jà. Ẹ jẹ́ kó gbé yín léfòó, ẹ gbé ọwọ́ sókè, kẹ́ ẹ sì máa lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe tààrà sí ilẹ̀.

Queen's Bath tí a ń rí lórí Facebook ńkọ́?

Inú Princeville ló wà, adágún kan lórí àpáta dúdú létí òkun. Ní àsìkò ìgbì, ìjọba máa ń ti géètì rẹ̀. Ẹ má fò ó kọjá. Àpáta yẹn lè wà ní gbígbẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èèyàn á rò pé òkun ti rọlẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìgbì kan ṣoṣo tó ga ju ìyókù lọ á gbá orí rẹ̀ kọjá, á sì kó ẹni tó ń ya fọ́tò lọ. Àwọn tó kú síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ wá lúwẹ̀ẹ́.

Báwo la ṣe ń gba àyè sí ọgbà ìjọba Hāʻena àti ọ̀nà ẹsẹ̀ Kalalau?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, òjò tó tó íǹṣì 49.69 rọ̀ láàárín wákàtí 24 ní Waipā, lẹ́bàá Hanalei, irú èyí tí wọn kò tíì wọ̀n rí ní Amẹ́ríkà. Ọ̀nà já. Ó lé ní ọdún kan kí wọ́n tó ṣí i fún àlejò ní oṣù kẹfà ọdún 2019, ètò tuntun ni wọ́n sì fi ṣí i: èèyàn 900 péré lóòjọ́, pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n ti gbà sílẹ̀. Ará Hàwáì tó ní káàdì ìdánimọ̀ kò nílò rẹ̀. Àlejò ló nílò rẹ̀.

Ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ni àyè máa ń ṣí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní aago méjìlá òru Hàwáì, èyí tó jẹ́ aago mọ́kànlá àárọ̀ ní Èkó. Ti ibùdó mọ́tò ló ń kọ́kọ́ tán, nígbà míì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Tó bá bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ lọ sórí ti bọ́ọ̀sì tó ń gbé èèyàn láti Waipā. Owó ìwọlé ti wà nínú tiẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó gba àyè ìwọlé nìkan kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé mọ́tò wọlé. Àṣìṣe yìí ló ń dá èèyàn padà jù lẹ́nu géètì.

Ọ̀nà Kalalau jẹ́ máìlì 11. Ìwé ìwọlé Hāʻena gbé yín dé máìlì kejì, ní etíkun Hanakāpīʻai, tàbí máìlì méjì sí i dé ìsun omi tó ń já látòkè. Tí ẹ bá fẹ́ kọjá ibẹ̀ lójú ọ̀nà náà, ẹ nílò ìwé àṣẹ àgọ́, kódà bí ẹ kò ní sùn.

Lílọ bọ̀ sí etíkun yẹn máa gba wákàtí mẹ́ta. Sí ibi ìsun omi, ẹ pe é ní mẹ́fà. Ẹ gbé omi lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọ bàtà tó ní eyín, kì í ṣe sálúbàtà, torí ẹrẹ̀ pupa ibẹ̀ ń yọ̀ bí ilá. Kí ẹ tó dé etíkun, odò kan wà tí ẹ máa là kọjá. Tó bá ga ju orúnkún lọ tàbí tó pọ́n, ẹ má là á. Òjò lè máa rọ̀ lórí òkè nígbà tí oòrùn ń ràn lórí yín, kí odò náà sì kún láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó bá há sí òdìkejì, kó jókòó síbẹ̀. Omi náà máa ń fà ní wákàtí mélòó kan, ìkánjú láti bá ọkọ̀ òfurufú ló ń pa èèyàn. Ẹ má mu omi odò, ẹ má sì wọ̀ ọ́ tí ẹ bá ní egbò. Àrùn leptospirosis, tó ń wá láti inú ìtọ̀ ẹranko, wà nínú odò Hàwáì.

Ẹni tí kò fẹ́ gọ́ọ̀fù, tí kò fẹ́ gun òkè ńkọ́?

Ẹ háyà ọkọ̀ àjẹ̀ fún wákàtí méjì lórí odò Hanalei láàárọ̀. Omi rẹ̀ dákẹ́. Oko kókò ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò náà, kókò kan náà tí a mọ̀ nílé; taro ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sè é, wọ́n á gún un di poi. Ibẹ̀ jẹ́ ibi ààbò ẹyẹ láti 1972, nítorí náà ẹ má gúnlẹ̀.

Ilé iná atọ́nà ọkọ̀ ojú omi tó wà ní Kīlauea, tí wọ́n kọ́ ní 1913, tún dára fún àgbàlagbà, torí ìrìn ibẹ̀ kò le. Owó ìwọlé jẹ́ dọ́là 10 fún ẹni tó ti pé ọdún 16. Ẹ gba àyè sílẹ̀ níbẹ̀ náà. Tí ẹ bá ní ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ arọ rìn tàbí ọmọ tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́, ọ̀nà etí òkun tí wọ́n yọ́ dán ní Kapaʻa ló tẹ́jú jù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọjá afárá Hanalei?

Ọdún 1912 ni wọ́n kọ́ ọ, mọ́tò kan ló gbà lẹ́ẹ̀kan. Mọ́tò márùn-ún sí méje á kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni tó kàn á dúró fún ẹ̀gbẹ́ kejì. Tí mọ́tò iwájú yín bá jẹ́ ìkeje, ẹ dúró, bí ojú ọ̀nà tilẹ̀ ṣófo. Ẹ juwọ́ sí ẹni tó dúró dè yín. Ará ìlú kì í fọn fèrè, àmọ́ wọ́n ń wò yín.

Tí odò bá bo ọ̀nà mọ́lẹ̀ ńkọ́?

Ó ń ṣẹlẹ̀. Tí odò Hanalei bá kún, ọlọ́pàá á ti ọ̀nà lẹ́bàá afárá náà, Hanalei àti gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ títí dé Hāʻena á dá wà. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, òkè ló ya lulẹ̀ sórí ọ̀nà. Princeville wà ní apá ibi tí pápákọ̀ òfurufú wà, nítorí náà ẹni tó sùn níbẹ̀ ṣì lè jáde. Ẹni tó bá gba ilé sí Hanalei tàbí Hāʻena, kó sún padà sí Princeville tàbí Līhuʻe ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó máa wọ bàálù tí òjò bá ti ń ṣú, kó sì kún táńkì mọ́tò kó tó sọdá lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, torí ilé epo tó wà ní Princeville ni ìgbẹ̀yìn lójú ọ̀nà yẹn.